Fèrèsé Ẹ̀yìn Yàrá Ìyá Mi

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n mú nǹkan tutù. Fíríìjì, firísà, éasì: èyí tí kò bá tutù mọ́, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Mo ti ṣe é pẹ́ débi pé bí mo bá wọ ilé onílé, kí n tó kí ẹnikẹ́ni, etí mi á ti lọ síbi tí fíríìjì wọn wà, màá sì ti mọ̀ bóyá ó ń gbádùn tàbí ó ń jìyà. Ìyàwó mi ní ìwà àrífín ni. Mo ní iṣẹ́ ni.

Nítorí náà, ẹ lè fojú inú wo bí ara ṣe ta mí tó lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá wa ní Bẹ́yẹrúnkà, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn iwájú orí rẹ̀, tó wá wò mí láti òkè délẹ̀, tó ní, "Ìwọ tó ò ń mú ilé onílé tutù káàkiri Ìbàdàn, ooru ló fẹ́ pa ìyá rẹ."

Kì í ṣe àsọdùn. Ooru ọdún yẹn bọ́ sínú ààwẹ̀. Ìyá wa sì ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Gbogbo wa ti sọ fún un, àwọn ààfáà náà ti sọ fún un, pé Ọlọ́run kò di ààwẹ̀ ru ẹni tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Á fetí sí wa dáadáa, á ní a ṣeun, á sì dìde jẹ sààrì lọ́jọ́ kejì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fẹ́ dìde lórí ẹní ìrun, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọpẹ́lọpẹ́ aṣọ tó kó jọ síbẹ̀ pé òun fẹ́ fọ̀, orí wọn ló ṣubú lé. Wọ́n bu omi tutù sí i lójú. Nígbà tó lajú, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá omi náà kò wọ òun lẹ́nu, kí ààwẹ̀ òun má bàa bàjẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí tó fi fẹ̀yìn tì. Tó bá di ọ̀rọ̀ ara, kì í bá ènìyàn jiyàn, ó máa ń pàṣẹ ni. Ó ní òun fún mi títí di ààwẹ̀ ọdún tó ń bọ̀. Bí yàrá yẹn bá ṣì gbóná bẹ́ẹ̀ nígbà náà, òun á wá kó ẹrù Ìyá lọ sílé òun ní Akóbọ̀, níbi tí igi ìbòji wà, ibẹ̀ ni Ìyá á sì máa gbé lọ.

Ìyá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò bá a jà. Ó kàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́jẹ́. Inú yàrá yẹn ni wọ́n mú un wọ̀ nígbà tó ṣe ìyàwó. Ibẹ̀ ló ti tọ́ gbogbo wa. Àgbàlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni sàréè bàbá wa wà. Láàárọ̀, ohùn àwọn tó ń gbé ẹrù lọ sí Ọjà'ba ló máa ń sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri yẹn. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá gbé e kúrò níbẹ̀, á máa jẹun, á máa sùn, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Mo pinnu lọ́kàn mi pé kò ní kúrò.

Mo wá ṣe ohun tí oníṣẹ́ éasì á ṣe. Mo gbé éasì wá.

Éasì tó dára ni o, mo tún un ṣe fúnra mi, mo fọ ọ́ títí ó fi ń dán. Mo gbé e kọ́ ògiri, mo tan án, kí n tó palẹ̀ irinṣẹ́ mi mọ́, Ìyá ti ń wá ìborùn. Ó ṣàdúrà fún mi gan-an. Mo gba ilé lọ, mò ń súfèé. Mo tiẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù kí n lè fi yangàn.

Lọ́jọ́ kejì tí mo padà wá wò ó, mo bá àwọn ọmọ ilé tí wọ́n nà gbalaja sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ikùn wọn lórí sìmẹ́ńtì, wọ́n ń sùn fọnfọn. Ìyàwó ilé kan tó ń ta òrí ti gbé igbá rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá Ìyá, ó ní òrí òun kò yọ́ rárá lọ́jọ́ yẹn, Ọlọ́run á bá òun san án fún mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tutù minimini. Inú yàrá ńkọ́? Ó ń hó. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, aṣọ ilẹ̀kùn ni wọ́n tiẹ̀ ká sókè.

"Ìyá, ẹ gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn!"

"Kí n ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan?" Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn. "Kí ni mo jí kó?"

Ọ̀rọ̀ tí mo gbàgbé nìyẹn, èmi tí wọ́n bí sínú ilé náà. Nínú agbo ilé wa, àgbàlagbà obìnrin kì í tilẹ̀kùn lójúmọmọ. Bó bá tì í, ó níláti jẹ́ pé ó ń ṣàìsàn, tàbí ó ń bá ẹnì kan jà, tàbí ó ń jẹ ohun tí kò fẹ́ kí wọ́n bá òun jẹ. Mo bẹ Ìyá títí, ó gbà láti tì í fún ọ̀sán kan péré, nítorí tèmi. Kò pẹ́ rárá tí ẹnì kan fi kan ilẹ̀kùn, ó fẹ́ mọ ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n. Òmíràn gbé àgbo wá. Àwọn ará mọ́sálásí ránṣẹ́ pé àwọn gbọ́ pé ara Ìyá kò yá. Ọmọ ilé kan tó wà ní Òjé pè mí lórí fóònù, ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ní kí n má fi òótọ́ pa mọ́ fún òun. Ìyá dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì ní kò ṣẹlẹ̀ mọ́ láyé òun.

Ní gbogbo àkókò yìí, mítà ń sáré. Iná tí mo rà sórí rẹ̀ ń tán bí omi inú ajere. À ń fi éasì mú gbogbo Bẹ́yẹrúnkà tutù títí dé ojú títì, ẹni tí a tìtorí rẹ̀ gbé e wá sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra. Mo tú u kúrò lára ògiri. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ òtútù, mo wá rí ẹni tí kò lè tilẹ̀kùn, ìyá tó bí mi sì ni.

Mo jókòó sórí àpótí nínú yàrá yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Ilé amọ̀ ni, ilé àtijọ́. Ògiri rẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ àgbàlagbà. Mo fi ọwọ́ kan ògiri lọ́sàn-án yẹn, ó tutù. Àṣé ọ̀tá kò sí níbẹ̀. Mo gbójú sókè. Bàbá wa ni ó tú àjà amọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ owó, tó wá kan síìlíǹgì pẹlẹbẹ, torí ohun tí àwọn tó lajú ń ṣe nígbà náà nìyẹn. Òjò ti jẹ síìlíǹgì náà tán, ihò ló kù. Láti inú ihò yẹn, mo rí páànù tó ti pọ́n, mo sì ń rí ooru tó ń já bọ̀ láti ara rẹ̀, bí ẹ bá gbà mí gbọ́ pé ooru ṣe é rí. Gílóòbù àtijọ́ kan tó ń tàn pupa sì tún ń dá kún un. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ yọ, mo fi èyí tí kì í móoru rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo gun òkè páànù, mo fi irin ha ìpẹtà rẹ̀, mo sì kun gbogbo rẹ̀ ní ọ̀dà funfun. Kí n tó kùn ún, ènìyàn ò lè gbé ọwọ́ lé páànù yẹn lọ́sàn-án kó má ké. Lẹ́yìn tó gbẹ, mo lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ níbẹ̀ kí n sinmi. Mo tiẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wo òkè Mápó níwájú mi, mo wo àwọn òrùlé pupa tó tò lọ títí dé Ọjà'ba, kò sí èyí tó funfun nínú wọn àfi tiwa. Àwọn tó ń kọjá nílẹ̀ ń bi mí bóyá ọsibítù la fẹ́ ṣí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n máa mú ara wọn bọ̀. Ìyá kò kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀, ó ní ó dà bí ẹni tó wé gèlè ìsìnkú. Ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dúró ní Mápó, tó sọ fún un pé òun rí òrùlé rẹ̀ láàárín gbogbo ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi júwe ilé fún àlejò.

Yàrá sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń fún ni lọ́rùn. Atẹ́gùn ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kò rí ibi jáde. Ó yẹ kó rí ibi jáde o. Fèrèsé wà lẹ́yìn yàrá yẹn, fèrèsé onípákó tó kọjú sí àgbàlá. Ó ti pẹ́ tó ti wà ní títì, débi pé Ìyá ti gbé àpótí aṣọ sí iwájú rẹ̀. Kì í ṣe òun ló tì í. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ìta, pákó ni wọ́n tò síbẹ̀ láti ilẹ̀ dé abẹ́ òrùlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí.

Àbúrò bàbá mi ló ni pákó náà. Káfíńtà ni, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi pákó sílẹ̀. Gbogbo igi tí wọ́n bá tú lára ilé kan, á ní ó máa wúlò lọ́jọ́ kan. Nígbà tí wọ́n mú Ìyá wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ó ṣì ń rá. Ìyá ló ń pọ̀n ọ́n, Ìyá ló ń wẹ̀ ẹ́, Ìyá ló ń lọ ata tí kò ta fún un. Ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí Ìyá tó dé, nítorí náà ọkọ rẹ̀ ni. Bó ṣe rí nílé wa nìyẹn, bó sì ṣe rí nílé púpọ̀ nìyẹn. Gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ ni, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Kò ní pe orúkọ rẹ̀, "ẹ" ni yóò máa fi bá a sọ̀rọ̀, kò sì ní wò ó lójú kó sọ pé ohun tó ṣe kò dára. Bàbá náà ti hu irùngbọ̀n funfun, "Ọkọ mi kékeré" ni Ìyá ṣì ń pè é. Òun náà ń pe Ìyá ní "Ìyàwó mi", ṣùgbọ́n nítorí ọjọ́ orí, "ẹ" lòun náà ń lò. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè sọ òótọ́ fún ẹnì kejì.

Mo lọ bá a níwájú ilé. Ó ń fi irin pọ́n ayùn tí kò lò mọ́.

"Bàbá, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ pákó tó wà lẹ́yìn fèrèsé Ìyá ni mo bá wá."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá ni, Bàbá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìyàwó mi?"

"Rárá o. Èmi ni."

"Ẹ́n-ẹ́n. Ìwọ lò ń sùn níbẹ̀ ni?" Ó tún gbé ayùn sójú, ó ń wo eyín rẹ̀. "Ìyàwó mi rí mi láàárọ̀ yìí. Wọ́n kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n kì mí, wọ́n fún mi lẹ́kọ. Wọn ò sọ nǹkan kan. Tó bá ń dùn wọ́n, wọ́n á sọ."

Mo padà sọ́dọ̀ Ìyá. Mo ní kó sọ fún un.

"Kí n sọ kí ni? Kí n máa pàṣẹ fún ọkọ mi?"

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ máa ń wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọdé!"

"Kí ló kan ìwẹ̀ nínú èyí?"

Báyìí la wà. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, gbogbo ètè bó. Ìyá kò sọ. Bàbá kò gbé pákó. Ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí láti Akóbọ̀, á ní òun ti kun yàrá kan ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, nítorí pé Ìyá fẹ́ràn rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni tó ti borí. Inú bí mi. Mo sọ fún Ìyá pé lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tí Bàbá bá ti lọ kírun, màá kó àwọn ọmọ ilé jọ, a ó gbé gbogbo pákó yẹn kúrò kó tó dé.

Ìyá fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀. "Bí o bá fọwọ́ kan ohun ìní ọkọ mi lẹ́yìn rẹ̀," ó ní, "èmi fúnra mi ni màá pe ẹ̀gbọ́n rẹ kó wá mú mi."

Mo mọ̀ pé ó lè ṣe é. Mo fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn sílẹ̀.

Ọyẹ́ lọ, ooru dé wẹ́rẹ́, ààwẹ̀ sì ń sún mọ́lé. Lọ́sàn-án kan, mo wà nínú yàrá, mò ń wo wáyà iná tó ti gbó lókè, nígbà tí Ìyá ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ kékeré pé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì òun ń mì, pé kó jọ̀ọ́ kó bá òun fi ojú káfíńtà wò ó. Ó dé kíákíá, inú rẹ̀ dùn, torí kò sẹ́ni tó ń pè é fún iṣẹ́ mọ́. Ìyá kúnlẹ̀, ó kí i. Ó fi í jókòó sórí àga tó wà nísàlẹ̀ yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé títì yẹn, níbi tí ooru máa ń gbára jọ sí. Ó wá gbé ẹ̀kọ mímu fún un, gbígbóná fẹlifẹli, tí èéfín ń rú lójú rẹ̀. Lọ́sàn-án! Mo wo Ìyá. Kò wò mí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó kì í bọ̀ láti orí bàbá bàbá rẹ̀. Ta ló máa dìde nígbà tí wọ́n bá ń kì í? Bàbá mu ẹ̀kọ, òógùn bò ó. Ó ṣí fìlà. Ìyá ń kì í lọ. Ó tú bọ́tìnnì bùbá. Nígbà tó yá, ó fi fìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ra, ó ń mí gúlegúle.

"Ìyàwó, ṣé bí yàrá yín ṣe máa ń móoru nìyí?"

"Ọkọ mi, ooru ayé ni. Ẹ mu ẹ̀kọ yín."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ṣí fèrèsé?"

Ìyá tún ẹní ìrun rẹ̀ ṣe. Bàbá dìde fúnra rẹ̀, ó sún àpótí, ó fa ìdábùú fèrèsé, ó ṣí i. Ọwọ́ rẹ̀ bá pákó pàdé. Ó dúró. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa pákó náà lọ sókè, lọ sílẹ̀. Káfíńtà ni, kò nílò ojú láti mọ igi rẹ̀.

"Pákó mi nìyí," ó ní.

"Tiyín ni, ọkọ mi."

"Ó ti pẹ́ níbí?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ Bàbá lára. Ó wá yí padà, kò wo Ìyá, èmi ló kọjú sí, ó sì fi ìbínú ní, "Kí ló dé tó ò sọ fún mi dáadáa?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo bàbá yìí. Ìyá yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Títí dòní, kò gbà pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà kò sì mì rí.

Kí ó tó di ọjọ́ kejì, Bàbá ti kó àwọn ọmọ ilé jọ, ó ń pariwo lé wọn lórí bí ẹni pé àwọn ló tò ó síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé pákó ni mo rí àwọn igi kan nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, igi dúdú, wúwo, tí kòkòrò ò jẹ. Bàbá ní igi àjà yàrá yẹn gan-an ni. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ bàbá bàbá mi, ló gbẹ́ wọn. Nígbà tí bàbá mi tú àjà, tó ní kí wọ́n fi ṣe igi ìdáná, òun sáré kó wọn pamọ́. Òun ṣì kéré nígbà náà, kò lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn, ó kàn kó wọn lọ ni.

Orí mi ṣí lójijì. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ilẹ̀kùn fíríìjì tó ti kú pọ̀ jántírẹrẹ. Fóòmù wà nínú wọn, fóòmù yẹn ló ń dá ooru dúró kó má wọ inú fíríìjì. Mo ti ń wá ibi tí màá sọ wọ́n nù sí. Mo ní, bí a bá tẹ́ wọn sórí igi àjà yìí, lábẹ́ páànù, ooru á dúró lókè, kò ní lè sọ̀ kalẹ̀.

"Ilẹ̀kùn fíríìjì?" Bàbá ní. "Lórí igi tí bàbá mi gbẹ́?"

A jà díẹ̀. Ó ní amọ̀ ló yẹ. Mo ní ògiri tó ti darúgbó báyìí, ẹ má ru amọ̀ lé e lórí. Nígbà tó yá, ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní pákó òun ló máa wà nísàlẹ̀, kí ènìyàn má máa dùbúlẹ̀ kó máa wo ilẹ̀kùn fíríìjì bí aláìnílé. Mo tún wáyà iná ṣe, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú páìpù, mo gbé e jìnnà sí fóòmù kí iná má bàa ràn án. A tẹ́ ilẹ̀kùn, funfun, pupa, búlúù, a fi pákó tó dán bò ó nísàlẹ̀. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá.

"Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di òkú Èkó ni?" ó ní. Ẹja inú yìnyín ló ń wí. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ọjọ́ tí a parí rẹ̀, a ṣí fèrèsé ẹ̀yìn sílẹ̀. Atẹ́gùn gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó la yàrá kọjá, ó bọ́ sí àgbàlá. Aṣọ ilẹ̀kùn gbéra. Kò sí éasì, kò sí fáànù, mítà kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ìyá rìn lọ síwájú fèrèsé. Láti ibẹ̀, ó ń rí sàréè bàbá wa, èyí tí pákó ti dí lójú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé ojú fèrèsé. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," ó ní jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kí ọkọ tó ti ìrìn àjò dé. Mo jáde, mo fi wọ́n sílẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹsẹ̀ rìn dé Oríta-mẹ́rin kí n tó rántí pé mo gbé ọkọ̀ wá.

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ooru ọdún náà kò dín sí ti èṣí. Ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́sàn-án kan, ó gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ kan, ó gbé báàgì ńlá tó ṣófo lọ́wọ́ kejì. Mo ti wà níbẹ̀. Ìyá jókòó sórí ẹní, ó ń ka tẹ̀sùbáà, ètè rẹ̀ gbẹ nítorí ààwẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́ kedere.

"Éasì dà?" ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ bèèrè.

"Kò sí éasì," mo ní.

Kò gbà mí gbọ́. Ó wo ara ògiri yíká. Ó gbójú sókè wo àjà. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ Ìyá, ó wo nọ́ńbà rẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Òun náà ń gbààwẹ̀, ó sì ti ti Akóbọ̀ wá nínú oòrùn, go-slow dá a dúró ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀," ó ní. "Tí mo bá dìde, a máa sọ̀rọ̀." Ó ká báàgì tó ṣófo yẹn, ó fi ṣe ìrọ̀rí, ó nà sílẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ń hanrun.

Ìyá dìde, ó fi ìborùn rẹ̀ bò ó lẹ́sẹ̀, torí atẹ́gùn ti ń fẹ́ jù díẹ̀.

Àsìkò yẹn ni àbúrò bàbá mi yọ lójú fèrèsé láti àgbàlá, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó máa ń jí gbogbo ilé. "Ìyàwó! Ìyàwó mi o!"

Ìyá yí sí i. Ó gbé ìka sí ètè. "Ẹ dákẹ́," ó ní.

Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Bàbá náà rò bẹ́ẹ̀. Ìyàwó tó ti ń kúnlẹ̀ kí i láti kékeré ní kó dákẹ́.

"Ọmọ mi ń sùn, ọkọ mi," Ìyá ní. "Ẹ rọra."

Bàbá bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e dání, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn kọjá lórí yẹ̀pẹ̀ àgbàlá, kò gbin.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Màgàríbì nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi jí. A ti bu omi ìṣínu kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó wo àjà, ó wo fèrèsé, ó wo báàgì tó sùn lé lórí. Mo ń dúró de ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Ó ti báàgì náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá," ó ní, "ẹ bá mi sún díẹ̀, kí n lè kọ orí sọ́nà fèrèsé."